Ta Ló Wà Lórí Ìkànnì Karùn-ún?

Wokitókì méjì la rà, èmi àti Eurgain,
níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn àgùntàn.
Ẹni tó tà á ní kò gba ìwé àṣẹ,
ẹ sáà tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ máa sọ̀rọ̀.
Ó fi kọ́ọ̀dù kan sí i, méjìlélógún,
ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀ báyìí."
Mo gbà á gbọ́.
Pẹ̀lú ewú orí mi, mo gbà á gbọ́.

Oṣù kọkànlá, òjò winniwinni lórí Foel Wen,
a ń kó àgùntàn bọ̀ nílé kí yìnyín tó dé.
Eurgain wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìsàlẹ̀ pẹ̀lú Mot, ajá wa,
èmi wà lókè téńté, níbi tí atẹ́gùn ti ń bá èèyàn du fìlà.
Mo tẹ bọ́tìnì. Mo ní, "Sọ̀ kalẹ̀. Sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí i.
Ó tó. Rárá, kò tó, máa bọ̀, máa bọ̀!"

Mi ò mọ̀ pé ní àfonífojì
wọ́n ń kan òrùlé ilé-ìwé tuntun,
pé kireni kan na ọrùn níbẹ̀,
pé Dilwyn tó ń wà á kò rí ilẹ̀ nínú kùrukùru,
ohùn ni ojú rẹ̀.
Ohùn mi wọlé tọ̀ ọ́, ó já gaara bí ohùn ọ̀gá,
irin tó gùn ju ilé mi lọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.
Máa bọ̀, máa bọ̀.
Ọkùnrin tó ń mu tíì lábẹ́ rẹ̀ sá.
Fíláàsì rẹ̀ kò sá.

Ìgbà náà ni wokitókì mi ké,
gbogbo ẹnu pa pọ̀, ohùn ń jẹ ohùn,
bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ họ àwo.
Lẹ́yìn náà, obìnrin kan, jẹ́jẹ́:
"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà lórí ìkànnì karùn-ún?"
Kò bú mi. Ìyẹn ló dùn mí jù.
"Idwal ni. Àgùntàn ni mò ń kó."
Ó dákẹ́. "Idwal, díẹ̀ ló kù kó o pa Ifan."

Ọkùnrin kan náà ló ta tiwọn fún wọn.
Méjìlélógún ló fún àwọn náà.
Kọ́ọ̀dù kì í ṣe ògiri, òwú etí ni;
ẹni tó fi òwú dí etí lójú ọjà,
ọjà ò tú.

Ìkejì la wà báyìí, a fi karùn-ún sílẹ̀ fún wọn,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé ta ló ni ín?
Afẹ́fẹ́ ni, a kì í gbin ọgbà yí i ká.
Mo máa ń tẹ́tí ná, èémí méjì, mẹ́ta,
mo máa ń pe orúkọ kí n tó pàṣẹ.
Eurgain ní mo ti di ọmọlúàbí lójijì,
pé nínú ilé, ó tó ọdún mẹ́ta tí mo ti pe orúkọ òun gbẹ̀yìn.

A ò dá wà lórí ìkejì náà.
Ọmọ kan wà ní Pentre Isaf tí kì í yé fi tirẹ̀ lu agogo.
Lọ́jọ́ Sátidé, Emlyn arúgbó jókòó lé tirẹ̀ nínú ọkọ̀,
odidi wákàtí kan la fi ń gbọ́ ẹ̀ńjìnnì,
èébú tó ń bú orúnkún tó ń dùn ún,
lẹ́yìn náà ó ń ròyìn ọ̀dùnkún ọdún yìí
fún ìyàwó rẹ̀ tó ti kú.
Kò sí ẹni tó lè kìlọ̀ fún un:
ẹni tó tẹ bọ́tìnì kì í gbọ́ràn.

Nígbà tó dìde, tó rí i,
ohùn rẹ̀ kéré. "Ṣé... ẹ gbọ́ nǹkan?"
Òkè dákẹ́. Àfonífojì dákẹ́.
Eurgain tẹ tirẹ̀: "Atẹ́gùn nìkan ni, Emlyn.
Kò sí nǹkan míì."

Ọmọ Pentre Isaf kò lu agogo kankan
títí ilẹ̀ fi ṣú.